Òkúta Tí Norine Fi Sílẹ̀ Lẹ́nu Géètì

Àwọn òkúta tó wà nísàlẹ̀ òkìtì náà tutù. Ohun àkọ́kọ́ tí kò bójú mu láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, Verlin Stroud sì rí i, ṣùgbọ́n ó yínmú sí i. Oṣù kẹfà ni. Òjò kò tíì kan ilẹ̀ wa láti ìgbà òtútù, oòrùn ti mú itọ́ gbẹ lẹ́nu aláǹgbá, síbẹ̀ omi ń kán tó, tó, tó láti ara àwọn òkúta ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn sínú eruku ẹnu géètì Odò Tolliver.

"Ìrì ni," Verlin wí.

Ìrì! Nínú aṣálẹ̀ Arisona, nínú oṣù kẹfà! Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ilẹ̀ àti òkúta nílé ẹ̀kọ́ Pella Wells ló dúró tó ń pe omi tí kò mọ orísun rẹ̀ ní ìrì. Bẹ́ẹ̀ ni Verlin ṣe rí. Ohun tí kò bá yé e, yóò fún un ní orúkọ kékeré kan, yóò sì kẹ́yìn sí i. Kò sí ẹni tí kò jẹ nínú ẹ̀gàn rẹ̀ nílùú yìí. Bí o kí i, o yọ ọ́ lẹ́nu. Bí o kò kí i, o kò lẹ́kọ̀ọ́.

Norine ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó mú òun lọ wo ilé olókúta tí àwọn Tolliver kọ́ sínú àfonífojì náà nígbà láéláé, pẹ̀lú igi píìṣì tí wọ́n gbìn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ń so títí dòní láìsí ẹni tí ń bu omi rin ín. Verlin kì í gbà. Ìgbà tí dókítà ní dandan ni kí Norine máa rìn nítorí ọkàn rẹ̀ ló tó gbà, ó sì gbà á bí ẹni tí wọ́n ní kó ru ẹrù ẹlẹ́rù.

Bí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Dub Ansley ń jáde bọ̀ láti inú àfonífojì. Ọkọ̀ àjàgbé ni Dub wà jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ikùn rẹ̀ ni í kọ́kọ́ dé ibikíbi tó bá ń lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, ó mú òkúta pupa kan lókè rẹ̀, ó jù ú padà sétí títì.

"Mo ti jáde o!" ó kígbe sínú àfonífojì, kó tó yíjú sí wọn. "Háà, Tíṣà! Ẹ̀yin náà rèé? Mo rò pé ẹsẹ̀ yín kì í tẹ ibi tí ẹsẹ̀ irú wa bá tẹ̀."

"Ilẹ̀ ìjọba ni," Verlin fèsì. "Wọn ò lè ṣa àwọn tó ń wọ̀ ọ́."

Dub rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Norine, ọ̀rẹ́ mi, orúnkún ńkọ́?"

"Ó ń kùn, Dub, ṣùgbọ́n mo wọ́ ọ wá bẹ́ẹ̀."

"Tètè wọ́ ọ padà. Odò ń ṣàn lókè ilé Tolliver, kò sì yẹ kó ṣàn. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí irú ẹ̀ nínú oṣù yìí." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má gbàgbé òkúta yín o. Ẹ̀yin méjèèjì."

Kò sí ẹni tí ń jókòó kọ́ ọmọ Pella Wells ní ti òkúta yẹn. A bá a láyé ni. Bí o bá ń wọlé, o ṣa òkúta kan létí títì, o gbé e lé òkìtì. Bí o bá ń jáde, o mú tìrẹ gan-an kúrò. Bí oòrùn bá ń wọ̀, òkúta tó bá ṣẹ́kù lókè ni yóò sọ fún wa pé ẹnì kan ṣì wà nínú. Àwọn tí wọ́n wa bàbà níbẹ̀ látijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí odò yẹn lè sùn bí ọmọ ọwọ́, kí òjò rọ̀ sórí òkè kan tí o kò lè fojú rí, kí omi sì wá gbé ọ lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ gaara. Àwọn òkúta ìsàlẹ̀ kò ní ẹni tí ń mú wọn. Àwọn tó ni wọ́n wọlé, wọn kò jáde. A kì í fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ìdọ̀tí lásán ni," Verlin wí. "Èèyàn wá sínú aṣálẹ̀ kó lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ẹ̀yin wá ń to òkúta jọ bí ọmọ tí ń fi yanrìn ṣeré. Aláǹgbá tó ń gbé abẹ́ òkúta tí ẹ ṣa ńkọ́? Ó ní làákàyè jù yín lọ, ẹ̀yin lẹ wá ń wó ilé mọ́ ọn lórí."

"Tíṣà, aláǹgbá kọ́ ni mò ń sọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni mò ń sọ." Dub ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ rìn pọ̀ o. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà."

Verlin pòṣé. Norine ní tirẹ̀ ti tẹ̀ sétí títì, ó ń ṣa òkúta. Ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé òmíràn, ó fi àtàǹpàkò nu eruku ara rẹ̀. Nígbà tó rí èyí tó wù ú, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Verlin, wo èyí. Ó jọ..."

"Òkúta ni, Norine. Gbogbo wọn ló jọ òkúta." Okùn bàtà rẹ̀ ló ń so. Kò gbójú sókè.

Norine kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé òkúta rẹ̀ lé òkìtì, ó tún un tẹ̀ kó má baà yẹ̀, ó sì gba géètì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Verlin dúró títí akẹtẹ̀ ìyàwó rẹ̀ fi wọ ẹ̀yìn igbó ẹlẹ́gùn-ún. Nígbà náà ló gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì ta òkìtì náà ní ìpá.

Àwọn arìn-aṣálẹ̀ kan wà tí wọ́n ka irú èyí sí iṣẹ́ òdodo; wọ́n ní àwọn ń dá ilẹ̀ padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Verlin ni olórí wọn. Ó ta á lẹ́ẹ̀kan, òkè wó. Ó tún un ta, ìsàlẹ̀ ṣí, àwọn òkúta tútù wọ̀nyẹn yí gbirigbiri jáde sínú oòrùn, wọ́n fa ìlà omi sórí eruku. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí èkejì. Ó gbọn bàtà rẹ̀, ó sì tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ yàrá tán.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà gba ojú odò tó ti gbẹ kọjá. Àpáta pupa dúró lọ́tùn-ún lósì, orọ́ ẹlẹ́gùn-ún na apá sókè lórí wọn, àwọn igi ńlá tí ń tú fùlùfúlù bí òwú sì fún ìsàlẹ̀ ní ibòji. Norine ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni. Ó sọ ti ìyá rẹ̀, ó sọ ti oko kan tí wọ́n gbé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sọ ti ẹnì kan tó máa ń gbé e sẹ́yìn ẹṣin. Ọ̀rọ̀ náà ń gba etí Verlin kọjá bí eṣinṣin tí ń gba ojú fèrèsé kọjá. Ó ti mọ bí a ṣe ń fi "hùn-ún" bọ́ ọ, kó má baà béèrè pé ṣé ó ń gbọ́.

Wọ́n dé ibi àpáta pẹrẹsẹ tí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ti ń lọ èso igi. Ojú ihò tí ọwọ́ wọn gbẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán. Norine bẹ̀rẹ̀ tìrora-tìrora, ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan.

"Wò ó bó ṣe bá ọwọ́ mi mu, Verlin. Ẹnì kan jókòó síbí títí ọwọ́ ẹ̀ fi wọ inú òkúta."

"Omi náà máa ń gbẹ́ irú ẹ̀. O ò lè mọ ìyàtọ̀."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

"Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn."

Norine yọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, wọ́n sì tún ń lọ. Kò jìnnà sí ilé Tolliver ni odò náà ti wọlẹ̀. Lókè ibẹ̀ omi ń ṣàn bí Dub ti wí, omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ó rì sábẹ́ yanrìn, kò sì sí ohun tó kù lójú ilẹ̀ ju yanrìn tó rọ̀ lọ. Norine dúró. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O gbọ́? Bí ẹni pé àwọn èèyàn ń jẹun."

"Omi ló ń lọ lábẹ́ yanrìn, ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ lu ara wọn. Ọmọ kékeré ni mò ń kọ́ ní èyí."

"Ọmọ kékeré ò gbọ́ ṣíbí nínú ẹ̀?"

Verlin rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó kọjá lọ. Ilé náà nìyí: ògiri òkúta, kò lórùlé mọ́, ibi ìdáná dúfẹ̀ẹ́ láàárín rẹ̀. Igi píìṣì mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti wọ́, wọ́n sì so wọ̀ǹwọ̀. Norine wò wọ́n, omi bọ́ lójú rẹ̀. Èyí bí Verlin nínú. Ta ni í sunkún nítorí píìṣì?

"Orúnkún mi ò ní gbà jù ibí lọ," obìnrin náà wí, ó jókòó sórí òkúta ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìwọ lọ wo àwòrán ara àpáta rẹ. Má pẹ́ o, Verlin."

Verlin kẹ́yìn sí i. Ó ti lọ.

Ibi tí àwòrán wà, àpáta méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Omi nìkan àti ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ló lè gbà á kọjá. Àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ àgùtàn oníwo ńlá sára ògiri náà, àti oòrùn, àti èèyàn. Verlin wò wọ́n, ó ní ọmọ kékeré ìbá ṣe é dáa jù bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ló ṣàkíyèsí pé ẹyẹ ti dákẹ́. Òórùn ilẹ̀ tútù fẹ́ wá bá a nímú, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run kò ní àbàwọ́n kan. Èèrà ń kó ẹyin gun ara àpáta. Omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n sí i.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ó rá pálá gun òkè, ó di gbòǹgbò igi kan mú. Omi náà kò hó, kò sáré. Ó wọ́ wá bí ahọ́n, ó ti igi gbígbẹ àti koríko síwájú, ìró rẹ̀ dà bí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó pọ̀ lórí àpáta. Ó kọjá lábẹ́ bàtà Verlin. Kò pẹ́ tó fi fà padà, kò sì ku nǹkan kan àfi ẹrẹ̀.

Verlin kọ́kọ́ yin ara rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò kàwé ìbá ti bá a lọ. Lẹ́yìn tó yin ara rẹ̀ tán ló rántí pé òun ní ìyàwó.

Ó sáré, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ẹrẹ̀ kò dé ilé náà. Òkúta ẹnu ilẹ̀kùn tí Norine jókòó lé gbẹ táútáú. Akẹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀ka igi píìṣì, ọ̀pá rẹ̀ gbára lé ògiri, ìgò omi rẹ̀ wà nílẹ̀, ìdérí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pè é kó tó dé e padà. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ipa ẹni tó ń sáré. Ó rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí a fi oúnjẹ lọ̀, ipa náà sì lọ títí dé ibi tí odò ti wọlẹ̀, kò sì jáde lápá kejì.

"Norine!"

Àfonífojì gbé e padà fún un. Ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn, ó dẹtí. Wọ́n ń jẹun lóòótọ́. Ìró náà jìnnà, ó ń lọ, ó ń bọ̀: ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìjókòó tí a fà, ṣíbí tó kan àwo. Omi ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni. Nígbà náà ni ẹnì kan wúkọ́ lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Verlin mọ ikọ́ yẹn. Ó ti bú Norine nítorí rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́ yanrìn. Bí ó ti ń gbẹ́ ni yanrìn ń wọ́ padà. Èékánná rẹ̀ ya, ìró náà kò súnmọ́, kò sì jìnnà. Fóònù rẹ̀ kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Ta ni í pe èèyàn láti inú Odò Tolliver? Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà, kò bà á rí láyé. Ó já akẹtẹ̀ Norine lórí igi, ó di í mọ́ àyà, ó sì sáré lọ sí ẹnu géètì láti wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ń to òkúta. Aṣọ rẹ̀ gùn délẹ̀, aṣọ ìdáná kan wà ní ìbàdí rẹ̀, gèlè funfun tí àwọn ará àtijọ́ ń so mọ́ àgbọ̀n wà lórí rẹ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, wọ́n máa ń háyà àwọn kan kí wọ́n múra báyìí lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n máa se ẹ̀wà níta fún àlejò. Irú wọn ni Verlin pè é nínú ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀, nítorí ó ti rí ẹni tó lè fojú di.

"Ìwọ, eléré! Dìde! Ìyàwó mi sọnù sínú odò. Wá ẹni tó ní ọkọ̀, pe ọlọ́pàá!"

Obìnrin náà kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, aṣọ ìdáná rẹ̀ tutù, omi ń kán láti etí gèlè rẹ̀. "Ta ló tú wọn ká?" Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Verlin ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́.

"Atẹ́gùn ni. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Atẹ́gùn kì í wọ bàtà." Ó tọ́ka sí ojú eruku, sí ibi tí ipa bàtà ọkùnrin náà wà gbàgàdà. "A máa ń mọ ẹni tó jẹ́ tiwa àti ẹni tó jẹ́ tiyín. Tiwa máa ń tutù. Tiyín máa ń gbẹ. Ẹ ti wá sá gbogbo wọn sóòrùn, gbogbo wọn ló ti gbẹ. Wọ́n pe gbogbo ẹni tó wà nínú wá jẹun. Òun náà gbọ́, ó lọ."

Verlin fẹ́ sọ̀rọ̀ ìgbéraga kan. Ó yanu, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ilẹ̀. Ó rí i pé kò sí òjìji kankan lẹ́yìn obìnrin náà lórí eruku, bẹ́ẹ̀ òjìji géètì wà, tirẹ̀ náà wà.

"Ẹ dá a padà," ó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, ó bẹ èèyàn. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá. Ẹ dá a padà fún mi."

"Kò le. Mú òkúta ẹ̀. Ẹni tó ni òkúta tí o bá mú, òun ló máa tẹ̀lé ọ jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wàá mú."

"Èwo ni tiẹ̀ nínú wọn?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Obìnrin náà gbé ojú sókè wàyí. Kò bínú. Ó wò ó bí Verlin ti máa ń wo àwa yòókù. "Ṣé èmi ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ni? Ìwọ lọkọ. Ojú ẹ ló ṣe mú un, àbí ojú ẹ kọ́?"

Ó tẹ́ àwọn òkúta náà síwájú rẹ̀ lórí eruku. Verlin kúnlẹ̀. Ó mọ gbogbo wọn. Èyí jáde láti inú iná ilẹ̀, èyí jẹ́ yanrìn tó dì, èyí jẹ́ akọ òkúta, èyí ní bàbà nínú. Ó lè sọ ọjọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ. Ṣùgbọ́n èwo ni Norine mú? Ó rántí pé ó pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó rántí ohùn rẹ̀ nígbà tó ní "Ó jọ...". Kí ló jọ? Ọkàn rẹ̀ gbé okùn bàtà wá fún un, kedere, pẹ̀lú bí ó ti so ó. Kò gbé nǹkan mìíràn wá.

Kí ni Norine fẹ́ràn? Ó bi ara rẹ̀. Obìnrin ni, ohun tó ń dán ni obìnrin máa ń fẹ́. Irú èrò bẹ́ẹ̀ náà ló kù nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ ìdààmú. Òkúta funfun kan wà níbẹ̀ tó ń kọ mànà nínú oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó kọjá sórí òkúta kékeré aláwọ̀ eérú kan, ó tún padà.

"Ó dá ọ lójú?" obìnrin náà béèrè.

"Mo mọ ìyàwó mi," Verlin wí, ó sì gbé èyí tó funfun.

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ yí padà pátápátá; ayọ̀ àti ẹkún ló wà nínú rẹ̀, bí ti ìyá tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ síbi tó dáa. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀," ó wí. "Kò fẹ́ràn òkùnkùn. Ẹ má máa pa iná mọ́ ọn lójú lójijì."

Verlin kò mọ̀ bóyá Norine fẹ́ràn òkùnkùn tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló máa ń pa iná. Bó ti ń rò ó lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ń dún lórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn igbó ẹlẹ́gùn-ún. Ó yíjú wò ó. Norine ni. Ojú Norine, ẹ̀wù Norine, irun funfun Norine tó tutù mọ́ orí. Nígbà tó wẹ̀yìn, òkìtì òkúta ti dúró bó ti dúró láàárọ̀, kò sì sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Norine! Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan," obìnrin tó ń bọ̀ náà wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ń rìn geerege, kò tiro. Omi tútù a máa wo orúnkún sàn, Verlin wí nínú ara rẹ̀. Ó na akẹtẹ̀ sí i. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i padà-yí i padà, ó ní ó ṣeun. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, Verlin wí nínú ara rẹ̀. Wọ́n dé ìdí ọkọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn títí Verlin fi wá ṣí i fún un. Verlin kò ṣí ilẹ̀kùn fún un rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Jìnnìjìnnì ni, ó wí. Ọ̀rọ̀ kékeré kékeré rẹ̀ ń tán nílẹ̀ lọ.

Ó ju òkúta funfun náà sétí títì, wọ́n sì mú ọ̀nà ìlú pọ̀n.

Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń wo bí oòrùn ti ń kọjá lórí itan rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí Verlin kò tọrọ irú ìdákẹ́jẹ́ báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wàyí, kò sì lè gbà á mọ́ra.

"Sọ nǹkan," ó wí.

"Kí ni kí n sọ?"

Ó fẹ́ bi í ní ohun tí Norine nìkan mọ̀. Bí ó bá gbà á, ọkàn yóò balẹ̀. Ó wá a nínú orí. Norine mọ̀ pé ọkọ òun kì í fi ṣúgà sí kọfí. Norine mọ bí ọkọ òun ti fẹ́ kí a ká ẹ̀wù òun. Norine mọ àga tí ẹnì kankan kò gbọdọ̀ jókòó sí. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Norine, Verlin ni. Ó wá a títí dé ìsàlẹ̀, kò bá obìnrin kankan níbẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó fojú rénà gbogbo ayé: kò lè fi nǹkan kan dá aya rẹ̀ mọ̀ àfi ikọ́.

"Kí ni orúkọ ìyá ìyá rẹ?" ó béèrè níkẹyìn. Ó dájú pé wọ́n ti sọ orúkọ náà lójú rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Obìnrin náà ronú. Ètè rẹ̀ ń mì, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú yàrá tí kò mọ̀.

"Adela," ó wí.

Verlin ń wakọ̀ lọ. Adela. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹni tó jókòó tì í yí padà díẹ̀díẹ̀ lórí àga, ó sì mọ̀ pé ẹnu òun ló ń wò.

"Ṣé òun ni orúkọ náà?" ohùn kékeré náà béèrè.

Bí ó bá ní kì í ṣe òun, èwo ni yóò sọ pé ó jẹ́?

"Òun ni," Verlin wí.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó tún orúkọ náà pè sí ara rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Adela, Adela," bí ẹni tí ń há a sórí. Lẹ́yìn náà ó fa ara rẹ̀ súnmọ́ ọn tayọ̀tayọ̀.

"Bi mí ní òmíràn," ó wí.